Ẹ Bá Wa Kọ́ Sítádíọ̀mù Sí Òkukù

Ẹ̀yin ará Ìnísà àti Ìkìrun, ẹ má bínú, àwa la kọ́kọ́ bèèrè. Òkukù ni sítádíọ̀mù ńlá tí yóò máa gbàlejò àgbáyé tọ́ sí. Gbogbo ohun tí irú pápá bẹ́ẹ̀ máa ń ní nígbẹ̀yìn ló ti wà lọ́wọ́ wa: koríko tó ga dé àyà, ewúrẹ́ tí kì í ra tíkẹ́ẹ̀tì, àti àwọn ìyá tó mọ ọbẹ̀ ata sè. Kọnkéré nìkan ló kù. Àlejò á wọ rélùwéè wá. Ojú irin wà nílẹ̀, ọkọ̀ tó ń gbà á ló wọ́n.

Ẹni tó bá ní ẹ̀fẹ̀ ni mò ń ṣe, kó lọ wo ti Sùúrùlérè l'Ékòó. Wọ́n ṣí i lọ́dún 1972, ìdíje gbogbo Áfíríkà sì wáyé níbẹ̀ ní 1973. Ní ọjọ́ 22, oṣù kẹta, ọdún 1980, nínú àṣekágbá ife ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù Áfíríkà, Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí gbá góòlù méjì wọlé, Muda Lawal fi ẹyọ kan lé e, Àlgéríà gba òfo relé. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, Kamẹrúùn fi pẹ́náárítì gba ife mọ́ wa lọ́wọ́ nínú pápá yẹn kan náà. Bọ́ọ̀lù Victor Ikpeba lu irin òkè, ó já sẹ́yìn ìlà, rẹfirí ní kò wọlé. Bí ẹ bá fẹ́ tètè délé, ẹ má dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ nídìí ẹmu.

Kí la wá fi pápá náà ṣe? A kọ́ òmíràn tó gba 60,000 èèyàn sí Àbújá fún ìdíje gbogbo Áfíríkà ọdún 2003, a sì fi ti Sùúrùlérè sílẹ̀ fún igbó àti ọlọ́tí. Ní òdìkejì títì ibẹ̀ ni pápá Teslim Balogun wà, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní 1984, tí wọ́n ṣí ní 2007. Ọmọ tí wọ́n bí lọ́jọ́ ìpìlẹ̀ ti lè ṣe àgùnbánirọ̀ tán kó tó rí ibi jókòó.

Ìbàdàn ti ṣáájú wọn. Ní pápá Liberty, ní oṣù kẹjọ ọdún 1963, Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò ọmọ Íbò, lu Gene Fullmer ará Amẹ́ríkà débi pé abala keje ni ìjà parí sí. Ní 2010, tí pápá náà ti di ẹgẹrẹmìtì, Ààrẹ Jonathan wá sọ ọ́ ní Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Orúkọ tuntun dé, koríko ò gbọ́.

Nítorí náà, ẹ̀yin ìjọba, ẹ má wulẹ̀ ra ẹ̀rọ ìgékoríko fún wa. Ẹ gbé aṣọ àǹkárá ẹgbẹ́jọdá wá, ẹ gé rìbọ́ọ̀nù, ẹ ya fọ́tò. Tó bá di ti orúkọ, èyíkéyìí tó bá wù yín ni kẹ́ ẹ kọ sára ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́. Ti Àbújá náà ti di ti Abíọ́lá láti 2019, ìjọba mìíràn sì ń bọ̀.