Ilé Là Ń Wò, Kì Í Ṣe Itọ́

Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, bẹ́ẹ̀ ni àwọn baba wa wí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀làjú Amẹ́ríkà ti tún òwe náà pa, itọ́ ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó ki ajá wọn ní oríkì.

Ajá àmúlùmálà kan yóò ti jẹ, yóò ti mu, yóò sì ti ṣọ́ ilé títí, láìsí ẹni tí ó bi í ní orílẹ̀ rẹ̀, kí olówó rẹ̀ tó dédé jí lọ́jọ́ kan, kí ó fi òwú nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, kí ó fi í ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò DNA pẹ̀lú owó tí ó lè ju 100 dọ́là lọ, kí ó sì jókòó tẹtẹrẹ bí ẹni tí ń dúró de ẹnu Ifá. Bí èsì bá dé, tí ẹ̀yà ajá Beagle gba ìdá kan, tí Chihuahua gba ìkejì, tí Poodle sì kó ìyókù, ajá lásán àná a di ọmọ ọba ìlú mẹ́ta, gbígbó tí kì í jẹ́ kí aládùúgbò sùn a sì di àṣà ìdílé.

N kò bá ìmọ̀ jà. Láti ọdún 2005 tí àwọn onímọ̀ ti tú àṣírí ẹ̀jẹ̀ Tasha, abo ajá Boxer kan, fún aráyé rí, iṣẹ́ náà ti gbòòrò. Síbẹ̀, ẹ̀yà tí ilé àyẹ̀wò ní lákọsílẹ̀ nìkan ni ó lè fi ajá wé. Kódà, nígbà tí oníròyìn tẹlifíṣọ̀n kan ní Boston fi itọ́ ẹnu ara rẹ̀ ránṣẹ́ ní 2024, ilé àyẹ̀wò kan dá a lóhùn pé Alaskan Malamute, Shar-Pei àti Labrador ni baba ńlá rẹ̀: ọmọ Ádámù di ọmọ ajá lọ́sàn-án gangan!

Ẹ̀yà tí wọ́n sì ń fi yangàn wọ̀nyí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni àwọn ọlọ́sìn ṣẹ̀ṣẹ̀ yà sọ́tọ̀ láàárín 200 ọdún sí ìsinsìnyí. Ìwádìí kan tí ó jáde ní 2022, tí àwọn olówó ajá tí ó ju 18,000 lọ dáhùn ìbéèrè fún, fi hàn pé ẹ̀yà kò lè ṣàlàyé ju nǹkan bí ìdá 9 nínú 100 lọ nínú ohun tí ó mú ìwà ajá kan yàtọ̀ sí ti èkejì.

Nítorí náà, ẹ̀yin ẹlẹ́jẹ̀-ọba, bí ajá yín bá ya ṣòkòtò àlejò, ẹ tọrọ àforíjì, kí ẹ san owó ṣòkòtò, kí ẹ sì kọ́ ajá. Chihuahua tí ẹ ń di ẹ̀bi rù kò sí nílé lọ́jọ́ náà.