Osùn Tí Àlùkò Kò Tà

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Àlọ́ mi dá fìrìgbagbóó, ó dá lórí Ìjàpá ọkọ Yánníbo àti ewé kan tó ń fà nílẹ̀.

Erùpẹ̀ lásán ni iwájú ààfin Kìnìún. Lẹ́ẹ̀rùn, eruku a bo adé. Lójò, ẹrẹ̀ a bá àwọn ìjòyè dórí ẹní. Ni Ìjàpá bá wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní òun mọ ewé kan ní Mẹ́síkò, tó dúdú, tó pọ́n bí ìyẹ́ àlùkò, tó ń fà bo ilẹ̀, tí kì í kú lọ́dọọdún bí ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀. Owó ọkọ̀ òun, ọgọ́ta ọ̀kẹ́.

Mẹ́síkò ni ewé náà ti ṣẹ̀ wá lóòótọ́. Ibi tí Ìjàpá dé kò kọjá ẹ̀yìnkùlé Àgùntàn, níbi tó ti ń hù tipẹ́ nínú garawa jíjò. Ó ṣẹ́ ẹ̀ka mẹ́wàá lóru, ó gé wọn ní oríkèé-oríkèé, ó tì wọ́n bọlẹ̀ lábẹ́ odán ààfin. Iṣẹ́ parí. Oríkèé tó bá ti kan ilẹ̀ tútù, gbòǹgbò ló ń yọ, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ ìyẹn lẹ́nu agbaṣẹ́ṣe. Ó wá ri pátákó mọ́lẹ̀, ó ya orí Kìnìún sí i. Pátákó fẹ̀ ju ọgbà lọ.

Ewé ràn. Ṣùgbọ́n òjìji odán ṣú, kò pẹ́ tí ewé fi rí bí ewé ilá.

Kìnìún bú ramúramù: "Ìjàpá, dúdú tí mo sanwó fún dà?"

"Kí ẹ pẹ́, Kábíyèsí. Osùn tí mo ń rà lọ́wọ́ Àlùkò ni mo fi ń kùn ún. Osùn ti wọ́n."

Wọ́n tún sanwó. Láràárọ̀, Ìjàpá a bu omi lásán sí igbá, a máa wọ́n ọn, ààfin a sì máa gbè é:

Ewé ọba, dúdú wá o,
*Owó ń bọ̀, jẹ́jẹ́.*
Osùn Àlùkò ti wọ́n o,
*Owó ń bọ̀, jẹ́jẹ́.*
Ẹ má béèrè rìsíìtì o,
*Owó ń bọ̀, jẹ́jẹ́.*

Ajá nìkan ni kì í gbè. Ó ti sùn sórí ewé náà lẹ́ẹ̀kan, oje rẹ̀ kàn án níkùn. Họra-họra ló ń ṣe nígbà tí àwọn yòókù ń kọrin.

Ẹlẹ́dẹ̀ agbálẹ̀ ló ń kó ẹ̀ka tí wọ́n bá rẹ́ dà sórí ààtàn. Oòrùn kì í kúrò níbẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́. Láìsí orin, láìsí osùn, ewé náà dúdú minimini, òdòdó ẹlẹ́wé mẹ́ta ń là lórí rẹ̀ láràárọ̀.

Ọjọ́ ṣíṣí ọgbà pé, Kìnìún dúpẹ́ lọ́wọ́ Àlùkò ní gbangba.

"Osùn wo, Kábíyèsí? Èyí tó wà lára mi yìí, mo jogún rẹ̀ ni. Ẹ lọ wo ààtàn yín."

Gbogbo ìlú rọ́ lọ síbẹ̀. Kẹ́kẹ́ pa. Ìjàpá fa ọrùn wọlé, ó tún yọ ọ́ jáde: "Kábíyèsí, ẹ ò rí i? Odán yìí ló ń jí oòrùn yín!"

Ọjọ́ méje ni ìgbìmọ̀ fi jókòó. Ẹnikẹ́ni kò dárúkọ ọgọ́ta ọ̀kẹ́. Wọ́n dá odán lẹ́bi, wọ́n ní kí wọ́n gé e. Àáké Ìjàpá ti mú sílẹ̀, òun náà ló gba iṣẹ́ ọ̀hún.

Ewé ti dúdú báyìí. Àwọn ìjòyè ń jókòó sínú oòrùn, òógùn ń dà wọ̀ọ̀. Yánníbo sì ti pàtẹ agboòrùn sẹ́nu ọ̀nà ààfin, kì í dín kọ́bọ̀.