Ohùn Ta Ló Ń Jáde Lẹ́nu Apu?

Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn o, ẹ mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n ti ìdílé Simpson yìí, bí mi ò bá sọ ọ́, inú mi á bẹ́.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, àwọn tó ń ṣe kàtúùnù “The Simpsons” gbé ayédèrú dọkumẹ́ńtárì kan jáde, “Behind the Laughter”. Wọ́n ní òṣèré gidi ni Homer àti Marge àtàwọn ọmọ wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń ṣe. Ni wọ́n bá tú àṣírí ilé: Homer tó ń gbé oògùn apàrora mì, owó tó di ìjà, ẹbí tó fọ́n ká. Wọ́n tiẹ̀ gba Jim Forbes, ọkùnrin tó ń sọ ìtàn nínú ètò dọkumẹ́ńtárì gidi “Behind the Music”, kó wá fi ohùn arò rẹ̀ ròyìn wọn. Wọ́n gba ẹ̀bùn Emmy lé e lórí.

Ẹni tó bá wò ó á ní kò sí bòńkẹ́lẹ́ kankan mọ́. Irọ́ ni! Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo wò ó, tí mò ń wá ibi tí wọ́n á ti ṣílẹ̀kùn yàrá tí wọ́n ti ń gba ohùn sílẹ̀. Wọn ò débẹ̀. Báwo ni wọ́n á ṣe débẹ̀? Ta ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu Apu, ará Íńdíà tó ni ṣọ́ọ̀bù? Hank Azaria, òyìnbó, láti 1990. Carl tó jẹ́ èèyàn dúdú ńkọ́? Azaria kan náà. Dókítà Hibbert, èèyàn dúdú náà? Òyìnbó mìíràn, Harry Shearer. Háà! Àṣé ìkòkò tí wọ́n ṣí hàn wá, òkè rẹ̀ lásán ni.

Ẹ tún wá gbọ́. Azaria fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ọ̀dọ̀ Peter Sellers lòun ti mú ohùn Apu, nínú fíìmù “The Party” ti 1968, níbi tí Sellers ti kun ojú kó lè jọ ará Íńdíà. Òyìnbó ń sín òyìnbó jẹ, ará Íńdíà ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín!

Nígbà tí aláwàdà Hari Kondabolu fi dọkumẹ́ńtárì “The Problem with Apu” pariwo síta ní 2017, ẹ ò rí èsì tí wọ́n fọ̀ ní oṣù kẹrin 2018. Lisa, ọmọ Homer tó ń gbèjà gbogbo ayé, ni wọ́n gbé sórí bẹ́ẹ̀dì, fọ́tò Apu lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tó kọjú sí wa, tó ní ohun tí kò bí ẹnikẹ́ni nínú láyé àtijọ́ ti dèèwọ̀ báyìí, kí lèèyàn fẹ́ ṣe? Lisa ni wọ́n rí rán níṣẹ́ àìnítìjú yẹn.

Àfìgbà tó di oṣù kẹfà 2020, tí ìwọ́de gba Amẹ́ríkà nítorí George Floyd, èèyàn dúdú tí ọlọ́pàá pa, ni ojú wá ń ti kálukú. Jenny Slate, òyìnbó, fi Missy, ọmọ aláwọ̀ dúdú inú kàtúùnù “Big Mouth”, sílẹ̀. Ayo Edebiri ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ọmọ tiwa. (Ẹ má wulẹ̀ sọ fún mi pé Ẹdó ni bàbá rẹ̀, Ayọ̀ ló ń jẹ́, ó tó mi.) Mike Henry, òyìnbó, náà gbé Cleveland, èèyàn dúdú inú “Family Guy”, kalẹ̀ lẹ́yìn ohun tó lé ní ogún ọdún. Carl bọ́ sọ́wọ́ Alex Désert, Hibbert sì bọ́ sọ́wọ́ Kevin Michael Richardson.

Apu ńkọ́? Azaria tọrọ àforíjì ní 2021, ó ti gba ohùn rẹ̀ padà lọ. Wọn ò wá ẹlòmíràn. Ẹ máa rí Apu lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, láàárín èrò, tó ń kọjá lọ, tí kò fọhùn.