Ìjàpá Alága Ẹgbẹ́ àti Àwọn Àgbébọ̀ Agbowó

Ààlọ́ o!
Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi dá fìrìgbagbóò, ó dá lórí Ìjàpá tìrókò ọkọ Yánníbo, nígbà tó jẹ alága ẹgbẹ́ òṣèlú àwọn ẹranko ní Agbowó.

Àwọn àgbébọ̀ adìẹ ló ń ṣiṣẹ́ ẹgbẹ́. Ọjọ́ ìpàdé, àwọn ló ń gbé ẹyin sísè wá. Ọjọ́ ìpolongo, àwọn ló ń wọ ańkárá ẹgbẹ́ jó láti Agbowó dé Bódìjà. Ọjọ́ ìbò, kí Àkùkọ tó kọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ti tò sórí ìlà. Oyè wọn kò ju Wúmẹ̀n Lídà lọ, iṣẹ́ rẹ̀ ò sì ju kó kó abo wá pàtẹ́wọ́ fún akọ.

Nígbà tí ìbò tún dé, Ìjàpá kéde pé fọ́ọ̀mù di ọ̀fẹ́ fún abo. Àgbébọ̀ kan sáré gbà á, ó fi èékánná kọ orúkọ sí i. Ọjọ́ ìdìbò abẹ́lé pé, orúkọ rẹ̀ ò sí lórí bébà. Ó lọ bá alága. Ìjàpá fa ọrùn wọnú ìkarahun:

"Fọ́ọ̀mù la ní ọ̀fẹ́ ni. Ta ló bá ọ sọ̀rọ̀ àga?"

Ni àgbébọ̀ bá figbe orin ta:

*Ta ló tò sórí ìlà láàárọ̀?*
*Àwa ni, àwa abo!*
*Ta ló sè, tó bu fún wọn jẹ?*
*Àwa ni, àwa abo!*
*Ta ló wá jókòó sórí àga?*
*Akọ ni, akọ gbogbo!*

Odídẹrẹ́, tó ń gbé lórí igi lẹ́nu géètì Yunifásítì, tí ìròyìn kì í kọjá lára rẹ̀, dá sí i:

"Ìbàdàn yìí náà ni Wúràọlá Ẹ̀san ti lọ sílé aṣòfin àgbà lọ́dún 1960, obìnrin àkọ́kọ́ níbẹ̀. Lókè Ọya, ó di 1976 kí òfin tó gba obìnrin láyè láti dìbò. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹta 2022, wọ́n gbé àbá dé Àbújá pé kí wọ́n fi àga 111 kún ti ilé aṣòfin méjèèjì fún obìnrin. Àwọn aṣòfin fi ìbò lé e sọnù. Nínú aṣòfin àgbà 109 tí ìbò 2023 mú wá, obìnrin 3 ni wọ́n kọ́kọ́ kéde."

Òbúkọ ní mẹ́ta ò burú. (Ẹ bá mi bi í léèrè bóyá mẹ́ta á tó òun àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀.)

Ìjàpá rí i pé ọ̀rọ̀ ń gbóná, ó gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ láti yẹ ẹ̀tọ́ abo wò: Àkùkọ ni alága, Òbúkọ akọ̀wé, Àgbò akápò. Wọ́n ṣèpàdé títí ọ̀sán fi pọ́n, ebi dé. Wọ́n ránṣẹ́ sáwọn àgbébọ̀ pé kí wọ́n gbé ẹyin wá bí ìṣe.

Yánníbo ló mú èsì wá. Kò tilẹ̀ wọlé.

"Wọ́n ní ẹyin kan, àga kan."

Àgbò fẹ́ ná an: ṣé wọn ò lè kó mẹ́wàá wá fún àga kan? Yánníbo ti ń lọ.

Ni Àkùkọ bá na apá, ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, òun fúnra òun á yé e. Ó wọ inú ìtẹ́ lọ. Ibẹ̀ ló ṣì ń rọbí di òní.