Ẹ Bi Ìyá Oríta: Ìpékeré Inú Dúróà

*Òṣìṣẹ́ ọba ni mí níbí l'Ọ̀rẹ̀. Mo máa ń dín ìpékeré tà, inú dúróà mi ló ń gbé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀gá mi ṣí fáìlì kan, wọ́n bá àmì àtàǹpàkò olóróró lórí lẹ́tà tó ń lọ sí Àkúrẹ́. Wọ́n ní kí n mú ọ̀kan: ìpékeré àbí iṣẹ́ ọba. — Olóróró*

Ọmọ mi, ọ̀gá lò ń bẹ̀rù, o ò bẹ̀rù òfin! Ìwé Òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999, ní Àfikún Karùn-ún, ní òṣìṣẹ́ ọba tí kì í ṣe aláàbọ̀ ọjọ́ kò gbọdọ̀ máa darí òwò ara rẹ̀. Ẹni tọ́wọ́ bá tẹ̀ lè pàdánù iṣẹ́, wọ́n sì lè ká a lọ́wọ́ kò fún ọdún tí kò ju 10 lọ kó má dépò ìjọba kankan.

Rọra sunkún ná. Ìwé yẹn kan náà ní iṣẹ́ àgbẹ̀ kò léèwọ̀. Nítorí náà, láti òní lọ, àgbẹ̀ ni ẹ́. Lọ gbin ọ̀gẹ̀dẹ̀ sọ́nà Odígbó, kó o gbé àdá kan ti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn ọ́fíìsì. Bí ọ̀gá bá bèèrè ohun tó wà nínú ọ̀rá, sọ pé, "Irè oko ni, sà." Bí wọ́n bá ní ó lóróró lára, sọ pé oòrùn Ọ̀rẹ̀ mú gan-an lọ́dún yìí.

Adájọ́ kò ní gba ìyẹn, mo mọ̀. Torí ẹ̀ ni kó o ṣe gbé agbada fún ìyá ẹ tọkàntọkàn. Ìwọ loko, àwọn lòwò. Kí wọ́n sì yé tà á fún òṣìṣẹ́ ọba, àwìn ni gbogbo yín ń rà. Àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tó ń ti Èkó lọ sí Bìní àti ilẹ̀ Íbò ń yà jẹun l'Ọ̀rẹ̀, èrò inú wọn kì í sọ pé ká dúró dìgbà tí owó oṣù bá wọlé. Bí màmá bá wá kọ̀, tí wọn ò fún ẹ ní kọ́bọ̀, má kọ̀wé sí mi.

*Báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, mo sì ń gun ọ̀kadà lálẹ́. Mo gbé máníjà wa láìmọ̀, láti ibì kan tí ìyàwó wọn ò gbọdọ̀ gbọ́. Wọn ò sanwó. — Onífìlà*

Bí báńkì yín kì í bá ṣe tìjọba, ìwọ ò sí nínú òfin tòkè yẹn. Ìwé tó o fọwọ́ sí lọ́jọ́ tí wọ́n gbà ẹ́ ni kó o lọ kà. Tó bá ní o ò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ míì, ẹ̀yin méjèèjì ti mọ àṣírí ara yín nìyẹn. Kọ owó ọkọ̀ náà sórí ìwé pélébé, kó o tẹ́ ẹ sórí tábìlì wọn láàárọ̀ Mọ́ńdè. Má kọ ibi tó o ti gbé wọn, àfi tí wọ́n bá ní àwọn ò ní ṣéńjì.

*Tíṣà ni mí l'Odígbó, mò ń sin adìyẹ. Àwọn tíṣà ẹgbẹ́ mi ń jẹ ẹyin, wọn ò sanwó. — Aláwìn*

Iṣẹ́ àgbẹ̀ ni adìyẹ sísìn, òfin wà lẹ́yìn ẹ, ṣùgbọ́n kò ní bá ẹ gba gbèsè. Ẹ jọ dá àjọ owó sílẹ̀, kó o sì du ipò akápò. Lọ́jọ́ tí àjọ bá kan ẹnikẹ́ni nínú wọn, yọ owó ẹyin kó o tó ka ìyókù fún un.