Ìjàkadì PK8: Ẹni Tó Ṣubú Kò Tíì Ṣubú

Ẹni tó bá fẹ́ sọ pé eré lásán ni catch, ìjàkadì orí ríìngì, kó dúró dé yàrá rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Kó má sọ ọ́ ní PK8 lálẹ́ Sátidé, láàárín èrò tó ti sanwó ìwọlé, tó ti mu bíà Régab, tó sì ti yan ẹni tí wọn yóò kórìíra di ìdájí. Ọmọ Ìbàdàn kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Libreville dán an wò lójú mi. Ó fẹnu sí mi létí: "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ò rí i pé ẹ̀ṣẹ́ yẹn ò bà á ni?" Yorùbá ló fi sọ ọ́ o. Síbẹ̀, ìyá tó ń ta ẹran sísun níwájú wa yíjú padà, ó wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá náà kò gbọ́ Yorùbá kankan, ṣùgbọ́n ó dá ohùn aláìgbàgbọ́ mọ̀.

Ojú ọ̀nà Nationale 1, ọ̀nà tó jáde kúrò ní Libreville wọ inú ilẹ̀ Gàbọ̀n lọ, ni PK8 wà. Kìlómítà ni wọ́n fi sọ àwọn àdúgbò ọ̀nà yìí lórúkọ: PK5, PK8, PK12. Nílé, kò sí bí àdúgbò ṣe lè kéré tó tí kò ní jẹ́ orúkọ baálẹ̀ kan, tàbí ti igi kan, tàbí ti ìjà kan tí wọ́n jà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Tiwa níbí, òǹkà ni. Ká ní ìyá mi àgbà ṣì wà láyé, tó fẹ́ kì mí, ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ọmọ kìlómítà kẹjọ? Mo mọ̀ ọ́n, yóò ṣáà wá ọgbọ́n kan dá sí i.

Ẹ ò sì ní dé ibẹ̀ láìkọ́kọ́ bá onítaxi ta kàn-ǹ-gbọ̀n. Ní Èkó, kọ́ńdọ́ ló ń pariwo: "Ọ̀ṣọ́dì! Ọ̀ṣọ́dì! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ní Libreville, èrò ló ń pariwo. Taxi á dẹwọ́ eré, ẹ ó na ọrùn, ẹ ó pe owó tẹ́ ẹ fẹ́ san àti ibi tẹ́ ẹ̀ ń lọ mọ́ra wọn: "Cinq cents, PK8!" Bó bá tẹ́ awakọ̀ lọ́rùn, á fọn fèrè pín-ín, ẹ wọlé. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kò ní bú yín, kò ní dáhùn, kò ní wojú yín pàápàá, á kàn máa lọ ni. Èmi tí wọ́n tọ́ ní Múṣín, èébú dùn mọ́ mi ju ìdákẹ́ yẹn lọ. Ẹni tó bá bú mi, mo mọ̀ pé a ṣì jọ ń nájà.

Oṣù Kẹjọ ni eré tí mò ń wí yìí. Láti Oṣù Kẹfà dé Oṣù Kẹsàn-án, ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn ni lọ́dọ̀ wa, nígbà tí àwọn ará ilé ń fi bàtà lọ́wọ́ la àgbàrá kọjá ní Èkó. Nítorí náà, ìta gbangba ni wọ́n to ríìngì sí, lórí pápá oníyanrìn tí àwọn ọmọdé ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Pákó ni wọ́n tò sílẹ̀, wọ́n tẹ́ tápólì lé e, wọ́n fi aṣọ wé okùn mẹ́ta yí i ká. Bí ènìyàn bá ṣubú lé e, gbàà! ilé kejì gbọ́. Aago mẹ́fà ni wọ́n kọ sára bébà tí wọ́n lẹ̀ káàkiri, aago mẹ́sàn-án ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀, ó dà bíi pé òde ìyàwó ni mo lọ.

Ìjà àkọ́kọ́, àwọn ọmọdékùnrin méjì ni, wọ́n fò, wọ́n ṣubú, ó tán. Èkejì, obìnrin méjì. Ìyẹn le. Ọ̀kan fa irun èkejì, àtáṣímẹ́ǹtì bọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì jù ú sáàárín èrò. Àwọn ọkùnrin ń rẹ́rìn-ín. Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ ló pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà, torí wọ́n mọ iye tí wọ́n ń rà á. Láti ìgbà yẹn, ẹni tó fa irun kò rí olólùfẹ́ mọ́ ní PK8.

Ṣùgbọ́n ìjà ìkẹyìn la tìtorí rẹ̀ wá. Inú pósí ni ọ̀kan nínú wọn gbà wọlé. Ọkùnrin mẹ́rin gbé e lérí, ìlù ń dún, wọ́n rọra ń rìn bíi pé òkú àgbà ni lóòótọ́, wọ́n sì pòòyì ríìngì kí wọ́n tó sọ ọ́ kalẹ̀. Ìwọlé yẹn nìkan pẹ́ ju ìjà fúnra rẹ̀ lọ. Nígbà tí ìdérí ṣí, ọkùnrin kan tó fi aṣọ dúdú bojú jókòó dìde, ó gbọn ìyẹ̀fun funfun sí àtẹ́lẹwọ́, ó fẹ́ ẹ sójú alátakò rẹ̀. Alátakò dúró gbagidi. Nígbà tó yá, ó ń rìn sẹ́yìn. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í jó, ẹkún sì wà lójú rẹ̀! Kinshasa ni irú catch olóògùn báyìí ti gbayì jù, níbi tí orúkọ Edingwe, tí wọ́n ń pè ní Moto na Ngenge, ti di ohun tí ọmọdé fi ń dẹ́rù ba ọmọdé. Nígbà tí onípósí kọjú ìyẹ̀fun sí ọ̀dọ̀ wa, ìlà iwájú tú ká. Ọmọ Ìbàdàn wa, aláìgbàgbọ́, ti dé ẹ̀yìn ọ̀pá iná kí n tó gbé ẹsẹ̀ kan. Mo bá a níbẹ̀.

Ẹni tó burú jù nínú gbogbo wọn ni rẹfirí. Bí onípósí bá ti na ọwọ́ sí àga irin, rẹfirí á rí okùn bàtà tó yẹ kó so. "Arbitre! Arbitre!" Gbogbo pápá ń nàka. Àwa náà ń fi èdè wa kún un: "Rẹfirí, ṣé ojú ẹ fọ́ ni?" Ìyá ẹlẹ́ran fi ẹran sílẹ̀ lórí iná, ó di okùn ríìngì mú pẹ̀lú ọ̀bẹ tó fi ń gé àlùbọ́sà lọ́wọ́ kejì, ó sì ń ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ fún rẹfirí ní sísẹ̀-n-tẹ̀lé, bí ẹlẹ́rìí ní kóòtù. Ẹran jóná. Kò wo ẹ̀yìn. Nínú Mythologies, ìwé tí ó tẹ̀ jáde ní 1957, Roland Barthes ará Faransé kọ ọ́ pé ìran àpéwò ni catch, kì í ṣe eré ìdárayá, pé kò sì kan aláwòran bóyá wọ́n ti jọ pinnu ẹni tí yóò borí. Ìyá ẹlẹ́ran kò ka Barthes. Ohun tó mọ̀ ni pé ọkùnrin onípósí yẹn kò níwà.

Àwa Yorùbá ló sì yẹ kó kẹ́yìn nínú àwọn tó ń béèrè bóyá òótọ́ ni. Ìjàkadì wà nínú oríkì Ọ̀fà, ọdún sì wà níbẹ̀ tí Ọlọ́fà àti Ẹ̀ṣà, ìjòyè rẹ̀, ń di ara wọn mú lójú gbogbo ìlú. Ẹ lọ bá wọn níbẹ̀, kí ẹ bi wọ́n léèrè bóyá ìjà gidi ni. Kí ẹ wá fi èsì ránṣẹ́ sí mi.

Bàbá mi ní tiẹ̀ kì í dárúkọ Power Mike ní ìjókòó. Ní 1973, Power Mike Okpala, ọmọ Neni ní ilẹ̀ Igbo, na Ali Baba ará Lẹ́bánónì, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé. Bàbá mi jẹ ará Lẹ́bánónì kan tó ń ta aṣọ l'Ékòó lówó lásìkò yẹn. Lójú tiẹ̀, mo rò pé Power Mike ti bá a san án.

Lóde òní, àbúrò mi tó wà ní Peckham ni í máa fi fídíò àwọn ọmọ wa tó ti jà ní WWE ránṣẹ́. Omos, Jordan Omogbehin, tí wọ́n bí l'Ékòó, tó ga ju ilẹ̀kùn ilé mi lọ. Babatunde Aiyegbusi, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, tó dàgbà sí Póláǹdì. Oba Femi, Isaac Odugbesan, tó ń ju irin ní yunifásítì Alabama kó tó di pé ó gba bẹ́líìtì NXT ní Oṣù Kìíní 2025. Ọba láìsí afọbajẹ, a gbà fún un, ta ni yóò bá a jiyàn? Ṣùgbọ́n èyí tí mi ò tíì gbà ni ti WrestleMania 37, lọ́dún 2021. "Nigerian Drum Fight" ni wọ́n pè é. Wọ́n to ìlù yí ríìngì ká. Mo jókòó, mò ń retí gángan, mò ń retí ẹni tí yóò pe Apollo Crews, ọmọ wa mìíràn, lórúkọ baba rẹ̀. Igi ni wọ́n gbé sọ́wọ́. Aiyegbusi kàn yọ lójijì, ó bá Crews lu Big E, alátakò rẹ̀, bẹ́líìtì bọ́ sọ́wọ́ wa. Inú mi dùn o, mi ò ní purọ́. Àmọ́ ìlù ń wò wọ́n ni.

Ohun tí mo wá rí ní PK8, tí mi ò rí nínú ìjàkadì tí a jà lọ́mọdé, ni kíkà. Nílé, bí ẹ̀yìn ẹ bá ti kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí, wọ́n ti dá ẹ, wọn á fi kọrin fún ẹ títí wàá fi kó kúrò ládùúgbò. Nínú catch, rẹfirí gbọ́dọ̀ kà á dé ẹẹ́ta. Un! Deux! Èjìká á sì gbéra. Gbogbo ará òkèèrè tí mo mọ̀, lórí ẹẹ́jì yẹn ni wọ́n ń gbé. Lóṣù Kẹjọ 2025, ìjọba kéde àwọn òwò kéékèèké tí àjèjì ò gbọdọ̀ ṣe mọ́ ní Gàbọ̀n, títún fóònù ṣe sì wà nínú rẹ̀. Ọmọ wa kan tó ń tún fóònù ṣe wọ ilé, ó sùn, a kà á dé ẹẹ́jì. Nígbà tí mo tún kọjá níbẹ̀, tábìlì kan náà, irin ìjórin kan náà, ọmọ Gàbọ̀n kan jókòó lórí àga ọ̀gá, ó ń jẹ ẹ̀pà. "Olùdámọ̀ràn ni mo jẹ́ fún wọn báyìí, sà," ni ọmọ wa wí.

Ẹ sì wo ọmọ wa tó ń gbé Gàbọ̀n, tó bá ń lọ sílé lóṣù Kejìlá. Ó bojú: dígí dúdú lálẹ́. Ó ní àwọn tó ń gbé ẹrù rẹ̀ wọlé. Ìlù ń dún. Ó ń fẹ́ owó sójú àwọn ènìyàn, wọ́n sì ń jó. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù Kìíní, á pè mí láti ẹ̀yìn ilé bàbá rẹ̀, ohùn jẹ́jẹ́, pé ṣé mo lè ràn án lọ́wọ́ owó ọkọ̀. Un. Deux. Mo fi ránṣẹ́. Òun náà ló fi ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá.

Lọ́jọ́ Sunday tó tẹ̀lé eré náà, a ní ìpàdé ọmọ Yorùbá. Àwọn tí kò dé sí ìpàdé tó ṣáájú pọ̀, ṣùgbọ́n ọjọ́ yìí, àga kò tó, torí gbogbo ayé ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ bi akápò léèrè owó òkú. Alága ní kó dìde. Ó dìde. Alága ní, "Owó náà ńkọ́?" Akápò di àyà mú, ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Wọ́n fún un lómi. Alága tún bi í. Ó ní ìyàwó òun ló fi àṣìṣe kó ìwé ìṣirò mọ́ ẹrù lọ sí Port-Gentil, ibi tó jẹ́ pé ọkọ̀ ojú omi tàbí ọkọ̀ òfuurufú la ń wọ̀ dé láti Libreville. Bó ti ń sọ ọ́, igbákejì rẹ̀ ń ti báàgì kan bọ abẹ́ àga, Alága sì ń wá gíláàsì ojú rẹ̀ lápò. Ìyá Ìbejì ti dìde: "Alága! Ẹ wo abẹ́ àga! Alága!" Gbogbo ilé ń nàka. Ọmọ Ìbàdàn gun bẹ́ǹṣì kó lè ríran dáadáa. Kò béèrè bóyá òótọ́ ni.

Wọ́n sún un sí oṣù tó ń bọ̀. Akọ̀wé ní ẹni tí kò bá san owó oṣù kò ní wọlé. Kó tó kúkú sọ bẹ́ẹ̀ tán, ìlà ti gùn dé ẹnu ọ̀nà.