Oṣù Lé, Wọ́n Ti Tún Un Ṣe

"Oṣù lé, ẹ ní kò gún, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ bá tó o, kó lọ tún un ṣe." Ẹnu alárìíwísí làwọn àgbà fi òwe yìí dí, torí ó dá wọn lójú pé kò sọ́mọ èèyàn tí ọwọ́ rẹ̀ lè tó òkè. Wọn ò ro ti àwọn tó ń ṣe géèmù mọ́ ọn. Ní 2018, ilé-iṣẹ́ Empyrean ní Poland gbé House Flipper jáde, géèmù tí èèyàn ti ń ra ògbólógbòó ilé, tí á wó ògiri, tí á kùn ún, tí á ṣe é lọ́ṣọ̀ọ́, tí á sì tà á jèrè. Lọ́dún kan náà ni ilé-iṣẹ́ Nvidia bẹ̀rẹ̀ sí í ta RTX, káàdì tó ń yàwòrán sójú kọ̀ǹpútà, tó ń ṣírò bí ìtànṣán ṣe ń ta láti ara nǹkan kan bọ́ sára òmíràn, ìṣirò tí onímọ̀ kọ̀ǹpútà James Kajiya ti kọ sílẹ̀ láti 1986. Ọwọ́ tó oṣù wàyí, ó sì tó oòrùn. Àríyànjiyàn tó kù kò ju pé bóyá iná àjà hàn dáadáa lára táìlì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nù.

Ó dáa, ẹ gbé ilé inú géèmù náà wá sí Savalou ní Benin. Ìwọ̀n 8 péré, kò tilẹ̀ pé tán, ni ìlú yìí fi wà lókè ìlà agbedeméjì ayé. Nítorí náà, láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin títí di ìparí oṣù kẹjọ, apá àríwá ni oòrùn ọ̀sán ń gbà kọjá. Lásìkò yòókù, ó ń gba gúúsù. Ní Poland, gúúsù nìkan ló ń gbà, tọdún tọdún, ará ibẹ̀ sì ń wá a tọwọ́ tẹsẹ̀ nítorí òtútù. Ẹni tó kọ́lé alámọ̀ ní Savalou tàbí Bantè mú ògiri nípọn, ó mú fèrèsé kéré, torí ó mọ̀ pé ọmọ ìyá kan náà ni ìmọ́lẹ̀ àti ooru. Oòrùn ọ̀sán gangan a máa tó 100,000 lux. Yàrá ìgbàlejò tí a tanná sí kì í sábà ju 300 lọ. Nínú géèmù, ìmọ́lẹ̀ wọlé, ooru dúró síta. Èyí tó wá pani lẹ́rìn-ín jù: géèmù náà ń mú èèyàn fara balẹ̀ de ẹ̀rọ amúlé-gbóná mọ́ ògiri, ìdè kan tẹ̀ lé òmíràn, bí ẹni ń kọ́ṣẹ́. Iná ńkọ́? Ẹ gbé e kalẹ̀, ó tàn. Kò sí mítà, kò sí SBEE tó ń ta iná fún ará Benin, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni Benin fi ń ra púpọ̀ nínú iná tó ń lò lọ́wọ́ Ghana àti Nàìjíríà.

Ẹnìkan á ní eré ṣáà ni. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó ń retí kí ọmọ ayò hù. Ṣùgbọ́n ayò kò fìgbà kan pe ara rẹ̀ lóko, géèmù wọ̀nyí sì ń fi jíjọ ohun gidi polówó ara wọn. Àtakò kejì lágbára díẹ̀: nítorí pé ẹni tó ń ṣe eré lè wó ògiri nígbàkúùgbà, wọn ò lè ṣírò ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ de ilé náà, ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ máa ṣe é lójú ẹsẹ̀, ẹrù yẹn sì wúwo tó láìfi ìṣirò mìíràn kún un. Mo gbà fún wọn lórí ooru. Lórí owó iná, n kò gbà rárá. Gílóòbù 10 watt mẹ́fà, wákàtí márùn-ún: 300 watt-wákàtí ni. Ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ á ṣe é láìlo pépà. Ẹ̀rọ tó lè tọpa ìtànṣán àìmọye kò lè sọ pé kò mọ ìsọdipúpọ̀. Owó iná kì í dán lójú ni, ìyẹn ni wọn ò ṣe yà á.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tún ilé ṣe, tí ẹ ti rí fèrèsé gbàràmù-gbaramu lójú kọ̀ǹpútà: kí ẹ tó bẹ́ ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, ẹ gbé àga síwájú rẹ̀ ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ nínú oṣù kẹta, kí ẹ jókòó síbẹ̀ fún wákàtí kan.